Bébà Kì í Fi Tọmọ Jẹ́ Iṣẹ́ Ẹrú: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ń Fi Kọ̀ǹpútà Yàwòrán Ilé

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí èmi wọ iṣẹ́ yìí, orí tábìlì gbọọrọ la ti ń yàwòrán ilé, lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, pẹ̀lú gègé Rotring tí a ń rọ yíǹkì sí nínú. Bí ọwọ́ bá ṣì, abẹ la fi ń ha yíǹkì náà díẹ̀díẹ̀ kí bébà má baà lu. Tó bá parí, a ó ká a, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ammonia tẹ ẹ̀dà jáde. Òórùn yàrá yẹn a máa ta ojú ju àlùbọ́sà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó bá ti ibẹ̀ jáde, òun ni ẹnjiníà ń wò, òun ni fọ́ọ̀mánì ń wò, òun náà ni onílé ń nàka sí.

Ti yín yàtọ̀. AutoCAD jáde ní 1982, ó sì ti gba tábìlì lọ́wọ́ wa pátápátá. Fáìlì DWG tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín dà bí ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná: ẹ ṣì ń rò ó, ẹ ṣì ń fi iyọ̀ sí i, ẹni tí kò sí nínú ilé ìdáná yín kò sì lè mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwo tí ẹ bù ú sí fún àlejò ni PDF, tí Adobe gbé jáde ní 1993, tó sì di ìlànà àjọ ISO ní 2008. Fóònù lásán lè ṣí i láìsí AutoCAD nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ọbẹ̀ í sè. Bíbù rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ènìyàn la lè rán bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rán ọmọ sí fọ́ọ̀mánì, tí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, ọmọ tó gbọ́n yóò bá yín fi kún un, tàbí kó padà wá bi yín. Bébà kò ní padà wá. Ohun tí ẹ kọ ni yóò jẹ́. Ohun tí ẹ kò kọ, ẹlòmíràn ni yóò méfò rẹ̀ lórí sáìtì, sìmẹ́ńtì ni yóò sì fi kọ èrò ọkàn rẹ̀ sílẹ̀.

1. Kí ẹ tó sọ àwòrán di PDF, ẹ bi ara yín pé ta ni yóò kà á, níbo ni yóò sì ti kà á.

Ẹnjiníà tó fẹ́ ṣírò òpó àti bíìmù, DWG gan-an ló nílò, nítorí orí pláànù yín ni yóò ya tirẹ̀ lé. Ẹ bi í pé AutoCAD ọdún wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. DWG tí ẹ bá fi pamọ́ ní ìlànà 2018, AutoCAD tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní ṣí i. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ ní ìlànà 2013 tàbí 2010 fún un, kẹ́ ẹ sì fi PDF tì í lẹ́yìn, kó lè rí bó ṣe yẹ kí àwòrán náà rí. Ẹni tó ń ṣírò iye búlọ́ọ̀kù àti àpò sìmẹ́ńtì, PDF tó ti inú AutoCAD jáde tààrà ló fẹ́, èyí tó lè sún mọ́ kí ìlà rẹ̀ má sì fọ́. Onílé fẹ́ rí yàrá, ilẹ̀kùn, ibi tí ibùsùn yóò wà. Ẹ má da nọ́ńbà irin bò ó lójú.

Ẹni tí ẹ máa ń gbàgbé jù ni ẹni tó ń tẹ irin. Òun kò ní tábìlì, kò ní iná mànàmáná. Mo ti rí ọ̀kan nínú wọn tó ká àwòrán A1 sí mẹ́jọ, tó fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́, tí omi sìmẹ́ńtì ti bo ìlàjì ohun tó ń kà. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un ní A3: iye irin, nínípọn rẹ̀, gígùn rẹ̀, bí a ó ṣe tẹ̀ ẹ́. Kí lẹ́tà ibẹ̀ tóbi tó ohun tí ènìyàn lè kà lóòró nígbà tí bébà wà nílẹ̀.

2. Gbogbo ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè nílò, ẹ kọ ọ́ ní nọ́ńbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rúlà wá a.

Ohun tó kọ́ mi ní èyí ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìbàdàn, lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Mo ti sọ àwòrán di PDF ní A3, ní síkéèlì 1:100. Mo kọ ìwọ̀n yàrá, mo kọ ti ògiri. N kò kọ ti ojú fèrèsé sórí pláànù, nítorí mo ti kọ ọ́ sínú tábìlì fèrèsé tó wà ní ojú ewé kẹfà. Ojú ewé márùn-ún péré ni fọ́ọ̀mánì mú dé sáìtì. Ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́ ní kaféè sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sórí "Fit", kí etí bébà má baà gé nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà sún gbogbo àwòrán kì díẹ̀, ó kù bí 97 nínú 100. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n.

Fọ́ọ̀mánì fi rúlà síkéèlì lé fèrèsé tí mo yà ní 1200 mm. Ó kà 1160. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbogbo ojú fèrèsé inú ilé. Ẹni tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, tábìlì tèmi ló gbà, 1200 ló bá wá.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn dé. Ọmọkùnrin méjì gbé férémù àkọ́kọ́ sókè, wọ́n ti etí òsì wọ inú ihò, etí ọ̀tún kọ̀, kò wọlé. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n gbọn eruku ojú ògiri, wọ́n tún gbé e. Kò wọlé. Líńtẹ̀lì ti gan, wọ́n ti rẹ́ ògiri. Fọ́ọ̀mánì kò bá mi jà. Ó fa bébà náà yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí búlọ́ọ̀kù, ó fi rúlà lé e lójú mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi kà á." Ohun tó kà náà ni mo kà. Bébà ló purọ́, èmi ni mo sì rán bébà. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi kíṣẹ́lì àti òòlù gé ògiri, èmi ni mo sanwó rẹ̀, onílé kò sì fi ojú àtijọ́ wò mí mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya ọ̀pá ìwọ̀n mítà márùn-ún sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé. Bí bébà bá sún kì, ọ̀pá náà á sún kì pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó bá fi rúlà lé e á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Mo sì máa ń kọ ìwọ̀n bébà tẹ̀ lé síkéèlì: "1:100 lórí A1". Bébà A1 jẹ́ 594 mm sí 841 mm. A3 jẹ́ 297 sí 420. Ìlàjì ni gígùn, ìlàjì ni fífẹ̀. Ẹni tó bá tẹ A1 yín sórí A3 ti sọ 1:100 di 1:200 láìyí lẹ́tà kan padà lórí bébà. Bí ẹ bá mọ̀ pé A3 ni wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sí, ẹ kúkú to ojú ewé náà fún A3 láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́bàá ọ̀pá ìwọ̀n ni mo ti máa ń kọ ọ́ ní Yorùbá gbangba: "Ẹ má fi rúlà wọn àwòrán yìí. Nọ́ńbà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí nọ́ńbà kò bá sí, ẹ pè mí." Mo fi nọ́ńbà fóònù mi sí i. Wọ́n sì ń pè mí, inú mi a sì máa dùn.

3. Dúdú ni ojú kọ̀ǹpútà yín, funfun ni bébà.

Ìlà yẹ́lò tó ń tàn yanran lójú dúdú, bó bá dé orí bébà funfun, ojú á wá a tì. Ẹ lo monochrome.ctb kí gbogbo ìlà di dúdú, kí nínípọn wọn sì máa sọ̀rọ̀ dípò àwọ̀. Èmi máa ń fi 0.5 mm fún ògiri tí a là já, 0.25 fún ohun tí à ń wò láti òkè, 0.13 fún ìlà ìwọ̀n. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún léyà tí wọ́n ń pè ní Defpoints: ohun tí ẹ bá yà sórí rẹ̀, ẹ ó máa rí i lójú kọ̀ǹpútà, kò ní jáde lórí bébà láé. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ya gbogbo páìpù omi ìdọ̀tí ilé kan sórí rẹ̀. Bí a kò bá tẹ ẹ̀dà kan wò ní ọ́fíìsì ni, ilé ìwẹ̀ mẹ́rin ni ì bá lọ sí sáìtì láìní ibi tí omi ń gbà jáde.

4. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín bá yín dé ibi tí ẹ ń lọ.

Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó jìnnà lè fi owó ẹyọ méjì pàrokò sórí okùn. Bí méjèèjì bá kọjú síra, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Owó ẹyọ kan náà, okùn kan náà. Bí okùn bá lọ́ lójú ọ̀nà, iṣẹ́ tí a rán ti yí padà, ìránṣẹ́ kò sì mọ̀.

Lẹ́tà inú DWG ń lọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ irú lẹ́tà nìkan ni DWG ń gbé lọ, kò gbé lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á kò bá ní irú rẹ̀, yóò fi òmíràn dípò, tó lè fẹ̀ ju tiyín lọ, tí nọ́ńbà yóò fi gun orí nọ́ńbà. Lẹ́tà SHX àtijọ́ kò tilẹ̀ mọ ẹ, ọ àti ṣ tiwa. Àmì ìbéèrè ló ń fi síbẹ̀. Mo gbé àwòrán fún ìyá àgbàlagbà kan rí, tó fi owó tó ń tù jọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ kọ́lé. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka orúkọ ara rẹ̀ nínú àpótí orúkọ, ó bá àmì ìbéèrè méjì níbẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kọ́ ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí." Mo dọ̀bálẹ̀. Mo mú un padà lọ tún ṣe.

Ẹ yan lẹ́tà TrueType tó ní ẹ, ọ àti ṣ nínú. Ẹ kọ orúkọ onílé wò kí ẹ tó kọ ohun mìíràn. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe PDF, ẹ sọ fún un pé kó kó lẹ́tà náà dání. PDF tó kó lẹ́tà rẹ̀ dání, bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín ni yóò rí ní Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lọ́dọ̀ ọmọ onílé tó wà ní London, tó ń fi owó ránṣẹ́.

5. Àwòrán tó ń yá àwòrán mìíràn lò kò gbọdọ̀ dá lọ.

Bí pláànù yín bá ń fa fáìlì ilẹ̀ tàbí ti ẹnjiníà wọlé gẹ́gẹ́ bí Xref, inú fódà yín ni fáìlì yẹn wà. Bí ẹ bá fi DWG kan ṣoṣo ránṣẹ́, ẹni tó gbà á á bá ihò níbi tí ilé wà. eTransmit yóò bá yín kó gbogbo wọn pọ̀ sínú àpò kan, pẹ̀lú lẹ́tà àti ìtò ìlà. Èyí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

6. Ẹ má sọ fáìlì kankan ní "final".

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ó ti parí. Ilé kì í parí títí wọn yóò fi kó wọ inú rẹ̀. Lọ́la onílé á ní kí ẹ sún ilé ìdáná, ẹ ó kọ "final2". Lọ́túnla "final tòótọ́". Bẹ́ẹ̀ ni "final" mẹ́ta yóò wà lórí fóònù fọ́ọ̀mánì kan náà, tí yóò máa ṣí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà.

Ẹ fún àwòrán ní nọ́ńbà, lẹ́tà àtúnṣe, àti ọjọ́ tí ọdún ṣáájú nínú rẹ̀: A-102-C-2025-03-14. Kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ tò wọ́n tẹ̀ léra. Àwọn akẹgbẹ́ wa ní Ìlú Ọba tó ń tẹ̀ lé ISO 19650 tó jáde ní 2018 máa ń kọ P01, P02 sí èyí tí wọ́n ṣì ń jíròrò lé lórí. Bó bá di C01, wọ́n lè fi kọ́lé. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó rí P kò ní gbé ṣọ́bìrì. Bí ẹ kò bá lo lẹ́tà tiwọn, ẹ kọ "FÚN ÌJÍRÒRÒ, Ẹ MÁ FI KỌ́LÉ" gàdàgbà sí ojú ewé.

Bí ẹ bá tún nǹkan ṣe, ẹ ya ìkùukùu yí i ká, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó yí padà sínú tábìlì àtúnṣe: "Àtẹ̀gùn sún sí ìwọ̀-oòrùn, 300 mm." "Àtúnṣe díẹ̀" kò sọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àtúnṣe C bá jáde, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní àwòrán náà lọ́wọ́ pé B ti kú. Ẹ pè é ní òkú bẹ́ẹ̀. Mo ti rí bíìmù tí a dà tán lórí àwòrán tó ti kú ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí kò sẹ́ni tó túfọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ń da kọnkéré.

7. Ẹ má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Mo mọ̀ pé fọ́ọ̀mánì ń pè, kọnkéré ti wà nínú ẹ̀rọ, iná ti lọ ní ọ́fíìsì. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á fún un mọ́lẹ̀ kó lè fúyẹ́, nọ́ńbà kéékèèké ló sì kọ́kọ́ ń kú. Irin 16 á wá dà bí irin 10. Ojú gígé irin 16 fẹ̀ tó 201 mm². Ti irin 10 kò ju 78.5 lọ. Ẹni tó fi ìkejì dípò ìkíní ti mú ohun tó ju ìdajì agbára òpó náà lójú irin lọ, kò sì sí ẹni tí yóò rí i mọ́ bí kọnkéré bá ti bò ó. Ẹ̀yin náà mọ iye ilé tó ti wó lé ènìyàn lórí ní Èkó. N kò sọ pé fọ́tò ló wó wọn. Mo ń sọ pé n kò fẹ́ kí orúkọ yín wà nítòsí irú rẹ̀. Ẹ fi PDF náà ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ńtì. Bó ṣe kúrò lọ́wọ́ yín ni yóò dé.

8. Ẹ ṣọ́ òǹtẹ̀ yín bí ẹ ṣe ń ṣọ́ owó.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí àwòrán bá ti di PDF, ó ti wà nínú àpótí onírin. Láti AutoCAD 2017 ni àṣẹ PDFIMPORT ti wà, tó ń sọ ìlà inú PDF padà di ìlà tí ènìyàn lè gbé kúrò níbi tó wà. Nítorí náà, òǹtẹ̀ tí ẹ gbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ kò gbọdọ̀ fi àwòrán rẹ̀ sínú DWG tàbí PDF lásán tó ń kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ dúró lé lórí níwájú ìjọba ni kí ẹ lù ú lé, kẹ́ ẹ sì tọ́jú irú rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ tó jáde àti ẹni tó gbà á. Bí ẹjọ́ bá dé, ẹ̀dà yẹn ni ẹlẹ́rìí yín.

9. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣí i níbi tí kò ti ní dójú tì yín.

Ẹ ṣí i lórí fóònù kékeré, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi yà á. Ẹ tẹ ojú ewé kan jáde, ẹ fi rúlà lé ọ̀pá ìwọ̀n. Ẹ jáde sínú oòrùn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fún ẹnìkan tí kò bá yín yà á, kí ó sọ fún yín bí yóò ṣe gba ẹnu ọ̀nà dé ilé ìgbẹ́ òkè, kí ẹ sì dákẹ́. Ibi tó bá ti bi yín ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni ẹ ti gbàgbé nǹkan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ pe fọ́ọ̀mánì. Ẹ má bi í bóyá ó ti rí i, torí "mo ti rí i, ọ̀gá" ni yóò wí. Ẹ ní kó gbé bébà náà dání, kó wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kó ka lẹ́tà àtúnṣe tó wà níbẹ̀ sí yín létí. Bó bá ka B, ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀.